Omi Kànga Tó Pọ́n

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 1975

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹ̀rọ omi kò yọ. Rédíò tí wọ́n fi owó Udójì rà ń ké nínú gbogbo yàrá ilé yìí, kò sì sẹ́ni tó ní omi tí yóò fi bọ́jú. Kànga ẹ̀yìnkùlé la gbójú lé. Ibẹ̀ ni mo bá Ìyá Táíyé láàárọ̀, arúgbó ará Ọ̀yọ́ tó wà ní yàrá ìkángun — ògiri kan ló wà láàárín wa. Ó ń wẹ ère Kẹ́hìndé rẹ̀, ìbejì rẹ̀ tó kú ní ọmọ ọdún méjì, ó sì ń fi osùn pa á lára. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ọrùn ọwọ́. "Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, Tísà mi." N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. N kò gba Ọlọ́run gbọ́, n kò gba ère gbọ́, ṣùgbọ́n ìyá tó ń wẹ ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Omi kànga pọ́n. Lánàá ó mọ́ gaara. Lónìí, bí omi tí a fi ṣan ẹran.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Fẹ́búárì

Mo ti mọ ibi tó ti wá. Ilé iṣẹ́ aláṣọ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ti gbẹ́ kòtò tuntun tí wọ́n ń da omi aró sí. Táíyé, ìbejì Ìyá Táíyé tó ṣẹ́kù, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló sọ fún mi. Mo ti igun kan aṣọ ìnujú mi funfun bọ omi kànga, mo gún ìka mi, mo ta ẹ̀jẹ̀ sí igun kejì. Mo fi omi tútù fọ méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ bọ́. Aró kò bọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Mo tún kó ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́ta láti inú gọ́tà sínú ìgò omi náà. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, gbogbo wọn ti dojú ikùn sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì

Mo pe gbogbo ilé jọ. Mo fi aṣọ hàn wọ́n, mo fi ẹja hàn wọ́n. Àgbà Ṣọ́ọ̀ṣì — bí mo ṣe ń pe Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé níkọ̀kọ̀ nìyẹn, akọ̀wé ìjọba ará Èkìtì tó ń ṣe bí onílé — ní ẹja kì í ṣe ènìyàn, a ó fi álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ní ilé iṣẹ́ náà lọkọ òun ti ń jẹun, ṣé kí òun lọ bá wọn jà ni? Wọ́n pọn omi wọn lójú mi, wọ́n lọ. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Abọ́sẹ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́rin, bì títí kò lè dìde. Wọ́n ṣì ń pọn omi náà.

Ohun tí mo ṣe rèé, kí n kọ ọ́ kó má di pé mo purọ́ fún ìwé yìí náà. Mo dúró lẹ́bàá kànga lọ́sàn-án gangan. Mo ní mo ti yẹ omi náà wò ní láàbù ilé ìwé wa. Mo ní mo ṣì í sọ tẹ́lẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni.

Garawa bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi pákó bo kànga, tí wọ́n yí òkúta lé e. Òtítọ́ ọjọ́ mẹ́ta kò rí i ṣe, irọ́ kan péré ló dí i.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Abọ́sẹ̀dé ti ń jókòó. Gbogbo ilé ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tó ń kiri omi tà. Àgbà Ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ojú mi ti ń là. Òun kan náà ló sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò sóhun tí yóò dá a lẹ́kun irọ́. Mo rántí. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Fẹ́búárì

Rédíò ti dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò pariwo mọ́ nínú ilé. Mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá ń kọjá lẹ́bàá kànga, ẹsẹ̀ mi ń yà fún un. Ẹsẹ̀ èmi!

Ìyá Abọ́sẹ̀dé tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó rọra bi mí pé, "Tísà, ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Ìyẹn kò sọ sí mi lọ́kàn rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Fẹ́búárì

Wọ́n ti rí ẹni tó ni ín. Ẹnìkan rántí ọwọ́ pupa létí kànga. Ère. Ìbejì tó kú. Táíyé kò sí nílé, ó bá lọ́rì ilé iṣẹ́ lọ sí Kánò.

Mo sáré lọ jẹ́wọ́. Aró ni, mo purọ́ ni, nítorí àwọn ọmọ. Àgbà Ṣọ́ọ̀ṣì wò mí tàánútàánú. "Tísà, ẹ̀yin lẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀jẹ̀ ni. Arúgbó yẹn ti dì yín lẹ́nu." Gbogbo wọn ṣe àmín.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ṣí kànga, wọ́n bu omi sí kọ́ọ̀bù. Ó ti nípọn ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Wọ́n ní tí ọwọ́ Ìyá Táíyé bá mọ́, kó mu ún. Tó bá bì kí fèrè ilé iṣẹ́ tó fọn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, òun ló ni ẹ̀jẹ̀. Àwọn géńdé àdúgbò ti dúró ní géètì pẹ̀lú igi.

Ó gba kọ́ọ̀bù. Ó wò mí. Ó ní, "Tísà mi, ṣé aró ni?" Mo ní aró ni, Màmá. "Aró kì í pa ènìyàn, àbí?"

Mo gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní èmi ni mo dúró fún un. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbà. Mo mu ún tán. Ó ń ta ahọ́n, ó ń ta ọ̀nà ọ̀fun.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń tẹ́tí sí inú mi. Ó ku wákàtí méjì. Tí mo bá jáde lọ sí ọsibítù, wọ́n á mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé èébì mì padà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin kọ̀. Mo fi ìrọ̀rí bo orí, mo bì sínú agolo ṣọ́ọ̀kì.

Pupa ni. Aró ni, mo wí fún ara mi. Aró ni kó jẹ́. Mo ti igun aṣọ ìnujú bọ̀ ọ́, mo bu omi tútù mẹ́ruwà, mo fọ̀ ọ́.

Ó bọ́. Kò ku àmì kankan.

Àgbà Ṣọ́ọ̀ṣì ń kan ilẹ̀kùn, ó ń bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Ní òdìkejì ògiri, Ìyá Táíyé ń gbọ́. Mo dé agolo, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo dáhùn pé, "Kò sí nǹkan kan, sà. Ara mi le."