Òkúta Ààlà Ti Padà sí Omru

Ilé Orma,
Èbúté Omru,
Etí Òkun Dralu.
Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìpẹja bẹ̀rẹ̀.

Baskel, àbúrò mi,

Mo kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Mo béèrè nítorí pé ìyá wa kọ́ wa pé kí á máa kí ènìyàn kí á tó bá a jà. Mo ti kí ọ tán báyìí. Jókòó, kí o sì ní kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ jáde, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò dára létí àlejò.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Ikọ́ kò tíì fi Lisvi, ọmọ ọmọ mi, sílẹ̀. Ìjì iyọ̀ jà fún ọjọ́ mẹ́rin lóṣù tó kọjá, nígbà tó sì rọlẹ̀, ṣọ́bìrì la fi kó iyọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí á tó lè jáde. Ẹja tí à ń rí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mọ́, ó sì korò. Ìwọ náà mọ gbogbo èyí, bí o bá tilẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe ń rí lẹ́nu. Kànga ìyá wa nìkan ni ohun tó ṣẹ́kù tó dùn ní Omru, tìtorí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ̀wé sí ọ.

A gbé òkúta ààlà lóṣù yìí bí a ṣe máa ń gbé e. Omi òkun tún ti sá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òkúta sì ti gbẹ, o sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ní Omru kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sómi nígbà tí ẹsẹ̀ òkúta bá gbẹ. Àwọn mẹ́rìndínlógún ló gbé e, Bàbá Grentu tó ń ṣọ́ òkúta ló ṣáájú wọn. Okùn tí o fi ránṣẹ́ la fi dì í. Ajẹ́lẹ̀ àwọn Kestari orí òkè kó àgbá ọtí mẹ́ta àti kẹ̀kẹ́ ẹrù méjì tó kún fún búrẹ́dì wá, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, a sì rò pé ó ń pọ́n wa lé ni. A jó. Èmi náà jó, Baskel, pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ ogun Kestari mẹ́fà ti wà nídìí kànga. Wọ́n ti ri òpó yí i ká, wọ́n sì ti kan ilẹ̀kùn onígi mọ́ ọn. Mo gbé garawa mi débẹ̀, mo rò pé wọ́n wá bá wa ṣọ́ nǹkan ni. Ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù tán, ní, "Màmá, kànga yìí ti bọ́ sẹ́yìn òkúta. Ti Kestari ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pọnmi, ẹ tẹ̀ka síbí pé àlejò ni yín lórí ilẹ̀ wa." Mo bi í pé ta ni àlejò. Mo ní ìyá mi ló gbẹ́ kànga náà nígbà tó wà nínú oyún mi, àti pé ilẹ̀ tó ń pè ní ti Kestari yẹn la sin ín sí. Kò bínú. Ó tilẹ̀ dà bíi pé àánú mi ń ṣe é. Ó na ìwé kan sí mi, ó ní kí n kà á fúnra mi bí mo bá mọ̀wé.

Mo mọ̀wé, Baskel. Èmi ni mo fi egungun ẹja kọ́ ọ ní ìwé lórí iyanrìn tútù nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Nígbà yẹn, ìwọ nìkan lò ń fa ìdí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn gùn, tí wàá sì tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ̀ ẹja, mo sì máa ń nà ọ́ lọ́wọ́ nítorí ẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lórí ìwé náà nìyẹn, kí n tó ka ohunkóhun. Ìwọ lo kọ ọ́. O kọ ọ́ pé níbikíbi tí àwọn ará Omru bá fi ọwọ́ ara wọn gbé òkúta sí títí di ọjọ́ àkọ́kọ́ ìpẹja, ibẹ̀ ni ààlà, àti pé ohun gbogbo tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ di ti Kestari. Ọjọ́ tí o kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kànlá.

Ọdún mọ́kànlá! Mo jókòó sórí iyọ̀ níwájú àwọn ọmọ ogun náà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún, ọ̀gá wọn ló sì bá mi gbé garawa mi dìde.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ìtàn wa, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé tàwọn ẹlòmíràn lò ń kọ báyìí. Iyọ̀ ló gbé Kestari sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bá wa jagun. Àwọn bàbá ńlá wa dáná sun ọkọ̀ ara wọn lẹ́nu èbúté kí ọ̀tá má baà rí nǹkan wọ̀ sọdá. Wọ́n se awọ bàtà jẹ. Nígbà tó rẹ tọ̀tún tòsì, wọ́n ri òkúta mọ́ etí omi, wọ́n sì jọ búra pé láti ibi òkúta dé inú òkun jẹ́ tiwa, apá òkè jẹ́ tiwọn, ará Kestari kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkúta náà láéláé. Kò sẹ́ni tó rò ó pé òkun lè rìn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ ògiri sé odò Sivane, wọ́n fi omi rẹ̀ bomi rin àjàrà wọn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Kí làwa wá ṣe? A gbé òkúta wa, a ń sáré tẹ̀ lé omi bí ọkọ tó ń bẹ ìyàwó tó ń kó ẹrù lọ. Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la gbé e. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé e, ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn ń bọ́ sọ́wọ́ wọn: èbúté, ibi tí à ń sá ẹja, ilé bàbá wa, itẹ́ òkú. Ohun tí wọn kò lè fi ogun ọdún mẹ́ta gbà lọ́wọ́ wa, àwa fúnra wa la fi èjìká gbé e fún wọn, torintorin. Kò sí ìlú mìíràn láyé tó lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. A rò pé omi là ń bọ̀wọ̀ fún.

Àwa kò mọ̀. Ìwọ mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, o dé pẹ̀lú kóòtù onírun àgùntàn rẹ, o dì mọ́ Bàbá Grentu, o ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí àṣà yìí parun o. Bẹ́ ẹ bá ti ń gbé e, ẹ máa rántí mi." Bàbá arúgbó náà gbé ọwọ́ lé ọ lórí, ó ń ṣàdúrà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. O wá ṣèlérí okùn tuntun. Ìwọ akọ̀wé ajẹ́lẹ̀, tí ò ń kọ ibi tí gbogbo nǹkan wà sílẹ̀ fún un, má sọ fún mi pé o kò mọ̀ pé ọdún yìí ni yóò kan kànga. Inú kànga yẹn ni ìyá wa ti ń fa omi tó fi wẹ̀ ọ́ nígbà tí o ní ibà tó fẹ́ pa ọ́. O tà wá, Baskel, o sì fún wa ní okùn tí a ó fi di ẹrù náà.

Mo pe àwọn ènìyàn jọ sábẹ́ ọkọ̀ ńlá tó dojú dé lórí iyanrìn, mo ka ìwé rẹ sí wọn létí. Àwọn kan ní ìlara rẹ ló ń dà mí láàmú. Nígbà tí mo ní kí á gbé òkúta padà síbi tí wọ́n kọ́kọ́ rì í mọ́, Bàbá Grentu mi orí. Ó ní, "Hesida, òkúta yìí ò gòkè rí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á gbẹ. Bó bá sì gbẹ, ebi ló máa pa wá." Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Vilka tó ń yan ẹja ló dá wọn lóhùn, o sì mọ ẹnu Vilka. Ó ní, "Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbé e lọ fún wọn, orin lẹ̀ ń kọ. Ó wá di ká gbé e bọ̀, ẹ̀yìn wá ń dùn yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Bàbá Grentu pé ẹsẹ̀ òkúta kò ní gbẹ: láràárọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú ife omi kan wá, yóò dà á sí i lẹ́sẹ̀. Ó bi mí pé níbo la ó ti rí omi nígbà tí wọ́n ti kànga pa. Mo ní nínú èyí tí à bá mu.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbé e. Mo dáná sun okùn rẹ, okùn àwọ̀n wa la lò. Obìnrin mẹ́sàn-án àti ọkùnrin méje ló wà lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn nígbà tí ojú ti àwọn ọkùnrin tán. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ kànga, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun jáde, ó ní, "Màmá, ẹ ò lè gbé e padà." Mo ní, "Ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí fún mi." Ó tú ìwé rẹ, ó wò ó títí. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí òkúta, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ló gbá ọwọ́ náà dànù, nítorí ó rántí ìbúra. A kọjá lójú wọn, wọ́n ń wò wá. Ihò tí òkúta ti kúrò ní èbúté àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó sì gbà á bí ẹni pé àná ló jáde.

Omi òjò tó wà nínú àgbá wa ti ń lọ sísàlẹ̀. Ife méjì lẹnì kọ̀ọ̀kan ń rí lójúmọ́, nínú ìyẹn náà la ti ń yọ ti òkúta. Lisvi fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ti ilé wa lánàá, ó hú ikọ́, ó sì bi mí bóyá òkúta kò tíì yó. Kí o rántí ìbéèrè yẹn nígbà tí o bá ń jẹun lónìí. Bàbá Grentu kò bá wa gbé e, ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní ó gbé ife tirẹ̀ wá, ó dà á, kò mu nǹkan kan. Ó ní, "Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ṣáájú ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ilé mi ni mò ń kó lọ."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án òní, ajẹ́lẹ̀ yóò wá wọn ààlà, akọ̀wé rẹ̀ yóò sì ka ìwé sétí gbogbo ènìyàn. Ìwọ nìyẹn. Àwọn tó ń gbé iyọ̀ lọ sókè ti sọ fún mi pé ò ń kọ ìwé mìíràn, tí yóò sọ pé òkúta tó bá padà sẹ́yìn kò já mọ́ nǹkan kan. Má sẹ́ ẹ. Bí o bá ka ìyẹn, kànga ti lọ, òùngbẹ yóò sì mú kí gbogbo wa tẹ̀ka pé àlejò ni wá kí oṣù yìí tó parí. Bí o bá ka ti àkọ́kọ́ bí o ṣe kọ ọ́, kànga, itẹ́ òkú àti gbogbo ilẹ̀ títí dé èbúté àtijọ́ padà di tiwa. N kò ní kí o ja ogun. N kò ní kí o tọrọ àforíjì, nítorí n kò tíì ṣetán láti gbọ́ ọ. Ka ohun tí o kọ.

Kí Ẹni tó dá omi ṣọ́ ilé rẹ. Kí òùngbẹ má ṣe gbẹ àwọn ọmọ rẹ láéláé. Tọkàntọkàn ni mo fi gba àdúrà yẹn, nítorí wọn kò ṣẹ̀ wá. Kí ó fún ìyàwó rẹ lálàáfíà. Tìrẹ, mo ṣì ń rò ó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó kọ́ ọ ní ìwé,
Hesida.

Àfikún: Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ti da omi tirẹ̀ tán, orí òkúta la ń fi ife sí. Ife rẹ náà wà níbẹ̀, èyí aláwọ̀ ojú ọ̀run tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, tí ìyá wa fún ọ. Vilka fẹ́ bá ọ bu omi sí i láàárọ̀ yìí, mo ní kó fi sílẹ̀. Òun nìkan ló gbẹ nínú gbogbo wọn, wàá sì rí i láti ojú ọ̀nà. Bí o bá ń bọ̀, bu omi dání.