Sólà Mọ́ṣáláṣí Wa

Bàbá mi, ara mi le ní Abẹ́òkúta níbí, a dúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé ẹ ti sọ fún Lèmọ́mù pé èmi Ismaheel ni mo máa wá so sólà mọ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Ìgbòho tí mo bá wálé Iléyá.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ sólà fẹ́ràn mi. Ó ní kò sí ọmọ iṣẹ́ tó mọ ebè kọ bíi tèmi. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ mi. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, oko iṣu rẹ̀ la ń lọ. Lánàá mo bi í pé, "Ọ̀gá, ìgbà wo la máa fọwọ́ kan wáyà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Òkè-Ògùn, ṣé ọkọ́ ló ń rẹ̀ ọ́?"

Mo padà sẹ́nu ebè. Bàbá, kí ni mo fi yín sílẹ̀ wá ṣe? Ẹ má dá mi lóhùn, ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.

Ẹ sọ fún Lèmọ́mù pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ kí Ràsáàkì àbúrò mi, tó ní òun fẹ́ wá bá mi níbí. Kó jókòó sílé ìwé ná.

Ọmọ yín,
Ismaheel