Ọwọ́ Tí Ó Gbé Omi Náà

Àbámẹ́ta, ní Lèma

Ọkàn mi ti balẹ̀. Sinimá tí mo gbé wá kí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. N kò ronú pé àwọn Fúlàní yóò jókòó sẹ́yìn aṣọ funfun tí mo so sókè tí sinimá ń hàn lára rẹ̀, níbi tí ọ̀tún ti ń di òsì. Bí ìyá àgbẹ̀ inú sinimá ṣe gbé omi fún darandaran, Ìyá Àìṣà, àgbà obìnrin Fúlàní, fò dìde.

"Ọwọ́ òsì! Ṣé ajá ni wá?"

"Ọ̀tún ni!" làwọn àgbẹ̀ pariwo. "Ìyá, ẹ lọ tọ́jú ojú yín!"

Mo dá sinimá náà dúró, mo fẹ́ ṣàlàyé. Bàbá Josẹ́fù, olórí àwọn àgbẹ̀, ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní rẹ̀.

"Ìyá Àìṣà, ẹ wá jókòó síbí, ká jọ wò ó."

Ó wá. Mo tún fi ibẹ̀ hàn. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ọ̀tún ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn la máa ń jókòó sí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. N kò ráyè béèrè ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí mo kọ sílẹ̀.