Ọwọ́ Tí Iná Kò Jó

                                        Ilé Abógunrìn,
                                        Ọ̀mù-Àrán,
                                        Ilẹ̀ Ìgbómìnà.
                                        Oṣù Kejì, ọdún 1898.

Bámigbóyè, ọ̀rẹ́ mi kí o tó di àna mi,

Àmọ̀pé, àbúrò rẹ, kú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tó kọjá yìí ló kú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Ẹni tó ń bá mi kọ ìwé yìí ní kíkí ni a fi ń ṣáájú. Mo ní kó kọ ikú ná, nítorí bí mo bá kí ọ tán, o lè rò pé ayọ̀ ni mo gbé wá.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Abẹ́òkúta níbẹ̀? Ìyàwó ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Èmi ṣì ń jí. Eyín mi ti ká tán, ojú mi ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń jí. Ohun tí mo lè sọ nípa ara mi kò ju ìyẹn lọ.

Ìwé tí o fi rán àwọn alájàpá dé ọwọ́ mi, wọ́n sì kà á fún mi. O ní nǹkan yọ sí ọmọ rẹ lára, ó rí roboto bí ẹnu igbá, ó sì ń yún un tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ nítorí ohun tí o gbọ́ nípa Àmọ̀pé. Ọ̀rẹ́ mi, bó bá ń yún un, dúpẹ́. Làpálàpá ni. Gún ewé àsùnwọ̀n, kí o máa fi ra á lára. Bó bá jẹ́ pé àárín ìka ló ti ń yún, tí àwọn tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní sì ń họra, kúrúnà nìyẹn. Ọṣẹ dúdú àti imí-ọjọ́ ni kí o fi wẹ gbogbo wọn pọ̀.

Kolo ló kọ́ mi, ọkùnrin Tápà kan tó tẹ̀dó sí ẹ̀yìn Ìgbàjà. Àwọ̀ ara ènìyàn nìkan ló ń wò. Kì í wo inú rírun, kì í wo àgàn. Wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kàn nítòsí rẹ, má sì jẹ́ kí wọ́n mú ọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun ń wo gbogbo àrùn. Ọ̀dọ̀ irú wọn la kọ́kọ́ lọ.

Aláró ni àbúrò rẹ, o mọ̀. Láti ìgbà tí o ti fi í fún mi ni apá rẹ̀ ti dúdú fún aró títí dé ìgúnpá. Bí àwọ̀ ara bá ń ṣá lábẹ́ aró, ta ni yóò rí i? Níbi tí wọ́n ti ń sun eérú tí wọ́n fi ń ṣe aró, àpáàdì ni àwọn obìnrin yòókù fi ń kó o. Nígbà tó yá, Àmọ̀pé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán kó o. Gbogbo ìdí aró hó yèè. Wọ́n ní, “Ẹ wá wo ọwọ́ akin! Àmọ̀pé, ṣé ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí ọ ni?” Òun náà a dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀yin tí iná ń bà lẹ́rù, ẹ lọ máa já ẹ̀fọ́ tà!” Wọ́n sọ ọ́ ní Afọwọ́múná. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń gbìyànjú kí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀, iná sì ń jó wọn, wọ́n ń sunkún pé àwọn kò ní ọwọ́ iṣẹ́.

Ọwọ́ tó ń kú là ń yìn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ìka rẹ̀ kan dá egbò tí kò jinná, wọ́n ní làpálàpá ló wọ inú. Wọ́n pa á, wọ́n pa á. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Àwa kò tilẹ̀ rí ẹ̀tẹ̀ náà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Kolo, ìka náà ti fẹ́ já. Ó wò ó, kò mú oògùn jáde. Ó ní, “Ara tó ń yún ni ara tó wà láàyè. Èyí ti sùn, n kò sì mọ ẹni tó lè jí i.”

Mo kọ́ ahéré fún un lẹ́bàá oko, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe. Ibẹ̀ ló wà títí ọyẹ́ fi mú un. Wọn kò jẹ́ kí n sin ín sí yàrá. Inú igbó ló wà. Wọ́n fọ́ àwọn ìkòkò aró rẹ̀, wọ́n sun aṣọ rẹ̀. Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ sí i lọ́dún ìjọsí wà nínú rẹ̀.

Ì bá tán síbẹ̀, ì bá sàn. Ojúọlá, àbíkẹ́yìn wa, ra ìkòkò tuntun lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò Èsìẹ́, ó jókòó sídìí aró. Mo gba ibẹ̀ kọjá ní àìpẹ́ yìí, mo gbọ́ ariwo. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń wí pé, “Ọwọ́ Àmọ̀pé kò kú o! Ọwọ́ Àmọ̀pé ti padà dé!” Mo wo ọmọ mi. Eérú gbígbóná wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo mú un lọ sí Ìgbàjà. Kolo ní kó dijú, kó máa dáhùn “hẹn” nígbàkígbà tí ìyẹ́ adìẹ bá kàn án. Ìyẹ́ kan èjìká, ó ní hẹn. Ó kan ọrùn, ó ní hẹn. Kolo wá mú un wá sí ọwọ́ rẹ̀, láti ìgúnpá lọ sísàlẹ̀, ó ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀. Ọmọ dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Tápà, ṣé ẹ ti sùn ni? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná.” Ó lajú, ó rí ìyẹ́ náà lára rẹ̀.

A rìn délé. Láti ìgbà náà, kò dé ìdí aró mọ́. Àwọn obìnrin ń bèèrè rẹ̀. Àwọn àna tó fẹ́ gbé e níyàwó lẹ́yìn ìkórè iṣu ń bèèrè rẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, wọn óò lé e lọ sínú igbó. Bí mo bá pa á mọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò kó àrùn náà. Mo ti kọ́ ahéré kan láyé mi, n kò lè kọ́ èkejì. Má wá. Kò sí ohun tí o fẹ́ wá ṣe.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí àwọn ará Ọ̀mù tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, kí o sì kí ọmọ tí ara ń yún. Má bá a wí pé ó ń họra.

Mo ti pe Ògúnyẹmí, àkọ́bí mi, mo sọ ohun tí ojú mi rí fún un, mo ní ọ̀rọ̀ Ojúọlá ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ní òwúrọ̀ yìí, ó gbé àdá, ó lọ gé òpó ahéré. Ẹ̀gbẹ́ ahéré tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn lóko ló tò wọ́n sí. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó kù, òun ni kí o máa kọ ìwé sí.

Èmi tí o fi àbúrò rẹ fún,
Abógunrìn.