Èjìká Mi Lábẹ́ Ère Màríà

Màmá mi, ẹ bá mi jó!

Lánàá, àwọn obìnrin Valdehiguera, ìlú ọkọ mi, gbé ère Màríà gun òkè níbi ọdún wọn, bí àwọn ìyáńlá wọn ṣe gbé e sá fún ogun láyé àtijọ́; àwọn ọkùnrin múra bí jagunjagun. Ọmọ bíbí ìlú nìkan ló ń gbé e. Èmi ń bu omi fún wọn. Ká tó dé òkè, ẹsẹ̀ Casilda, ìyá ọkọ mi, yẹ̀. Ó jágbe mọ́ mi: "Ìyàwó, ìran lo wá wò ni? Ti èjìká bọ abẹ́ ẹ̀ jàre!"

Ìyàwó ló pè mí, kì í ṣe "àjèjì yẹn"! Fermín ọkọ mi fò sókè títí irùngbọ̀n àtọwọ́dá tó lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n fi já bọ́.

Èjìká mi wú, inú mi ń dùn. Gbogbo ohun tí mo ti ń kọ sí yín, pé wọ́n ń kẹ́ mi níbí, ti wá di òótọ́. Ẹ bá mi kí Bàbá.

Ọmọ yín,
Begoña