Ìkookò Kọ́ Ló Gé Ìka Mi

Irọ́ ni mo pa, kò sí ìkookò kankan. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn jáde ná kí ọkàn mi tó yí padà. Ádímíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ìsẹ́yìn tó bá kà á yóò ti mọ̀ mí kó tó dé ìdajì... ó dọwọ́ yín. Àgbàlagbà ni mí, ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo nílò ìmọ̀ràn ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, nítorí ìka mi méjì ti lọ, àwọn tó yẹ kó san owó gbà-má-bínú fún mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ilé iṣẹ́ kan wà létí ìlú tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí, èmi ni mo ń da ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Irin kan wà tó bo bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Máníjà ní kí wọ́n ṣí irin yẹn kúrò, ó ní ó ń dá àwọn dúró nígbàkúùgbà tí bẹ́líìtì bá yọ. Mo sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èèpo ẹ̀gẹ́ há síbẹ̀, mo na ọwọ́ òsì kí n fà á yọ, ni bẹ́líìtì bá gbá ọwọ́ mi mú... kí n tó pariwo, ìka méjì ti lọ. Obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ nítòsí mi ló sáré pa ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ìyá Sàdíà. Ojú rẹ̀ ló ṣe, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀.

Máníjà fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù, ó ń làágùn ju èmi tí ìka gé lọ. Ojú ọ̀nà ló ti ń bẹ̀ mí, Bàbá, ẹ dákun, tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ pé ẹ ṣubú nílé ni, a ó tọ́jú yín dáadáa. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi? Kí n ṣubú nílé? Ta ni yóò wá kí arúgbó tó ṣubú nílé tí kò ní kàn gbé búrẹ́dì sílẹ̀ kó máa lọ? Mo gbà láti bò wọ́n láṣìírí, mo rò pé ọmọlúàbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n irọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ kò bá mi lára mu. Kí àwọn tó wá kí mi tó kún yàrá, mo ti ní ìkookò kan tó ga tó ọmọ màlúù, tó gbé ewúrẹ́ aládùúgbò mi mì títí dé ìrù, tí mo sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun, mo di ìwo ewúrẹ́ mú, mo fà á jáde láàyè, ó ṣì ń jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ lọ. Ìkookò pa ẹnu dé kí n tó fa ọwọ́ yọ tán, ìka méjì ló rí gbà. Nọ́ọ̀sì tó ń fọ egbò mi wò mí títí, ó ní, “Bàbá, ìkookò tiyín yìí mà ń fi gírísì pa eyín o.” Mo ní mẹkáníìkì kan ló ti jẹ kó tó kàn mí.

Ká tó ṣẹ́jú, ìtàn ti dé Àgọ́-Àmọ́dù, ó ti dé Ṣakí. Àwọn ọdẹ gbé ìbọn, wọ́n wọgbó lọ wá ìkookò náà, wọ́n padà dé, wọ́n ní àwọn rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ kí ni? Mi ò mọ̀. Wọ́n fún mi ní ìjókòó láàárín wọn, wọ́n sọ mí ní A-tọwọ́-bọ-ìkookò-lọ́fun. Mi ò ní tàn yín, ó dùn mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí máníjà ṣèlérí, mi ò rí i. Egbò jinná tán, wọ́n ní kò síṣẹ́ fún mi mọ́. Ọwọ́ mi kò lè di ọkọ́ mú dáadáa, ìyàwó mi ló ń kọ ebè iṣu, èmi ọkùnrin ń jókòó wò ó. Lọ́jọ́ kan ó nà ró, ó nu òógùn, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ pe ìkookò yín kó wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bẹ́líìtì lọ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni mo gbọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n rán ọkùnrin kan wá wádìí. Máníjà kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní kí ó lọ bi ará àdúgbò. Ó sì bi wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn mi jù... Olórí ọdẹ búra pé òun fojú ara òun rí ẹsẹ̀ ẹranko. Aládùúgbò mi fa ewúrẹ́ rẹ̀ jáde, ó ní kí ọ̀gá tó wá wádìí wo ọrùn rẹ̀ níbi tí eyín ti wọlé, bẹ́ẹ̀ okùn ló bó o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe mí níbi, gbogbo wọn rò pé àwọn ń gbè mí lẹ́yìn ni. Ọkùnrin náà yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, kí wá ni ká gbọ́?” Mo ní bẹ́líìtì ni. Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n wá ẹlẹ́rìí. Nọ́ọ̀sì ti gbà, yóò sọ ohun tó fọ̀ kúrò lójú egbò. Ó ku Ìyá Sàdíà, òun nìkan ló sì rí i. Kò bẹ̀rù máníjà, ó ti kúrò níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, “Bàbá, ọkọ mi wà nínú àwọn ọdẹ yẹn, mi ò ní dá dúró kí n máa pè wọ́n ní òpùrọ́. Ẹ̀yin lẹ bí ìkookò, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ pa á lójú wọn kí n tó la ẹnu mi.” Ṣé ó jẹ̀bi? Kò jẹ̀bi.

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ló ṣí irin kúrò lára bẹ́líìtì. Àwọn kan ní ẹ̀san irọ́ ni. Ṣé òpùrọ́ ò ní egungun ni? Ṣé torí pé mo parọ́ mọ́ ẹranko, ìka mi wá hù padà? Irọ́ tèmi, ẹ̀rín ló fún wọn. Irọ́ ti máníjà ń gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní fi sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé àwọn ọdẹ, olórí wọn ní apá ọ̀tún òun ni kí n jókòó sí. Ẹ̀gún gún ọ̀kan nínú wọn níbi tó ti ń bá mi wá ìkookò, ó ṣì ń tiro. Mo máa lọ, mo máa dìde láàárín wọn, ìyẹn ti parí. Ọ̀rọ̀ tí n ó kọ́kọ́ sọ ni mi ò mọ̀. Tí mo bá ní irọ́ ni mo pa, wọ́n á ní mò ń dápàárá. Tí mo bá sunkún, wọ́n á ní mo mọ eré ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni ẹni tí wọn kì í gbà gbọ́ àfi tó bá purọ́ lè sọ, tí wọ́n á fi mọ̀ pé òótọ́ ló dé báyìí?