Àpótí Tí Mo Rò Pé Ó Ń Gbé Èéfín Mì

Hamredal,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta.

Ragna ọmọ mi, ìwọ tó ń jẹ́ orúkọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé àyà rẹ fúyẹ́? Ṣé Hege ìyá rẹ wà pa, ṣé ilé-ìwé ń lọ déédéé? Bí o bá bèèrè wa, a wà, èmi àti àwọn àgùntàn. Ọlọ́run tó mú ọ rí ọdún kẹjọ yóò mú ọ rí ọgọ́rin, èémí kò ní wọ́n ọ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń mí lọ́fẹ̀ẹ́. Àmín.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Àgùntàn rẹ elétí dúdú bí ìbejì, ọ̀kan kú. Adágún wa kò dì di yìnyín lọ́dún yìí. Láyé bàbá mi, ẹṣin ló ń wọ́ igi kọjá lórí rẹ̀, nígbà tí èmi náà ń lọ sílé-ìwé, orí rẹ̀ ni mò ń gbà, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ajá Oddny bọ́ sórí rẹ̀, ó rì dé ọrùn, okùn la fi fà á yọ. Oddny, ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ ilé wa yẹn, wò mí títí, ó ní Sjur, ìwọ ọmọ yìí, èéfín ọkọ̀ rẹ ló ń yọ́ adágún. Mo ní ìyá, ọkọ̀ ẹyọ kan! Ó ní olúkúlùkù ló ń sọ pé ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé, torí mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù láìbú sẹ́kún, o sì mọ̀ pé n kì í sunkún.

O mọ àpótí funfun ọlọ́rùn gígùn tó ń kùn létí títì lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ ní Bergen. Wọ́n ní torí èéfín ọkọ̀ ni ìjọba ìlú ṣe gbé e síbẹ̀. Mo wò ó, mo rí i pé ó ń fa atẹ́gùn sínú, mo ní háà, àwọn èèyàn yìí gbọ́n, wọ́n ti ra ohun tó ń gbé èéfín mì. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́rú tí mo bá já igi ìdáná tí mo ń tà tán láàárín ìlú, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ọn, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí i, kó lè jẹ àjẹyó. Mi ò sì ní pa ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ kí inú ọkọ̀ móoru kí o tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, kí òtútù má baà mú ọ. Nígbà míì ìwọ á máa wá bàtà kan fún ìdajì wákàtí, èmi á máa rẹ́rìn-ín, dísẹ́ẹ̀lì á máa jó.

Nígbà tó di oṣù kìíní, ojú ọ̀run dé mọ́ ìlú lórí bí ìdérí ìkòkò, èéfín kò rí ibi gbà jáde, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ṣì wá. Ọlọ́pàá obìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ìlú. Mo ní ọmọ mi ni mò ń lọ kí, mi ò bá ti ìlú yín wá. Ó ní bàbá ọmọ, èéfín ò mọ ẹni tó wá kí ọmọ. Mo bú u, mo yí padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò rí ọ.

Wàyí o, dókítà fún ìyá rẹ ní fọ́ọ̀mù, kó máa fi àmì síbi ọjọ́ tí ikọ́ fée bá gbé ọ. Nígbà tó kún, ó fi í ránṣẹ́ sí mi kí n buwọ́ lù ú. Mo ní kí n tó buwọ́ lù ú, màá fi han ìjọba pé ìlú wọn ló ń pa ọmọ mi. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ara ògiri, èyí tí mo máa ń fi bírò pupa sàmì sí ọjọ́ tí mo bá wa ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ, mo wá ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ragna, àmì ìyá rẹ àti àmì pupa mi bára wọn mu. Ọjọ́rú lẹ́yìn Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n lé mi padà nìkan ni o sùn bí ọmọ tuntun.

Mo pe dókítà, mo fẹ́ kó sọ pé irọ́ ni. Ó ní àpótí yẹn kì í gbé nǹkan mì, ẹlẹ́rìí lásán ni, iye ìdọ̀tí tó wà nínú atẹ́gùn ló ń kà. Ó ní Bàbá Ragna, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló ń kọjá níbẹ̀, ọmọ yín nìkan kọ́ ló sì mí dáadáa lọ́sẹ̀ méjì yẹn, púpọ̀ nínú ibùsùn àwọn ọmọ oníkọ́ fée ló ṣófo lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n tiyín ló wà lábẹ́ fèrèsé. Mo bi í pé báwo ni èéfín tó ń fún ọmọ lọ́fun ṣe tún ń yọ́ adágún. Ó ní ihò kan náà ni wọ́n jọ ń gbà jáde, ẹni tó bá dí i ti gba méjèèjì là.

Mo ti kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún Oddny, mo ní kó má fún mi, kódà bí mo bá kúnlẹ̀. Igi mi wà nílẹ̀ gègèrè, kò sẹ́ni tó ń rà á níbí, ilé gbogbo ló ní tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń fi iná mànàmáná rìn ni màá máa wọ̀ wá, bọ́ọ̀sì méjì àti ọkọ̀ ojú omi kan, Sátidé kan ṣoṣo lóṣù sì ni àwọn àgùntàn lè yọ̀ǹda mi. Mo wọ̀ ọ́ lánàá dé èbúté kí n fi dán an wò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wá sàlẹ́ńsà. Obìnrin tó ń wà á yọjú, ó ní ọ̀gá, ṣé eyín yín ló bọ́ síbẹ̀ ni? Mo ní ibo ló ń gbà tú èéfín? Ó ní kò ní èéfín. Mo jókòó, mò ń ro iye ọdún tí nǹkan yìí ti wà láyé tí mò ń fi tèmi fún ọmọ mi lọ́rùn.

Bí igi ò tilẹ̀ tà, mi ò bèèrè owó, ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í bọ́ bàbá. Kí ìyá rẹ ṣáà fi fọ́ọ̀mù oṣù yìí ránṣẹ́ sí mi, kó kọ òótọ́ síbẹ̀. Bí ó bá ṣófo látòkè délẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà tí kò ní àmì pupa, màá sì máa wo àwọn méjèèjì.

Kí èémí rẹ máa já geere. Kí atẹ́gùn ìlú náà ṣàánú rẹ ju bí èmi ti ṣe lọ. Kí adágún tún dì lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú, kí n lè di ọwọ́ rẹ mú kọjá lórí rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru dè ọ́,
Sjur.